Ta Ló Ní Sójà Kò Nílò Ìwé Òfin?

Níbí ní Ìkòròdú, bí ọ̀rọ̀ òṣèlú bá ti délẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ pé ọjọ́ tí sójà bá gbàjọba ni ìwé òfin ti di ìwé tí wọ́n fi ń di àkàrà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ wo Decree 1 (Decree ni òfin tí ìjọba ológun fúnra rẹ̀ ṣe) ti Ọ̀gágun Ironsi, olórí ìjọba ológun ní 1966. Ó dá apá tó kan ilé aṣòfin, olórí ìjọba àtàwọn gómìnà dúró nínú ìwé òfin 1963, àmọ́ kò fọwọ́ kan ilé ẹjọ́ àti iṣẹ́ ọba. Sójà ò pọ̀ tó láti máa gbowó orí, kí wọ́n tún máa dájọ́ ilẹ̀ káàkiri. Àwọn ológun fúnra wọn náà gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó lè pàṣẹ fún ta ni.

Ẹjọ́ Lakanmi ló yé mi jù. Ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá ọkùnrin yìí, ó sì pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní oṣù Kẹrin 1970, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, tí Adetokunbo Ademola jẹ́ olórí rẹ̀, dájọ́ pé ìwé òfin ṣì ń bẹ láàyè, pé ìjọba ò lè jókòó ṣòfin láti fi dá ẹni tí wọ́n dárúkọ lẹ́bi. Kò pé oṣù kan tí Decree 28 fi dé, tó fagi lé ìdájọ́ náà. Bó bá jẹ́ pé òkú ni ìwé òfin, kí ni wọ́n tún ń pa?

Àwa gan-an ń kọ́? Ìwé òfin 1963 ní àfi káwọn ará àdúgbò dìbò kí wọ́n tó dá ẹkùn tuntun sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe ní Mid-West. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1967, Ọ̀gágun Gowon, tó jẹ́ olórí ìjọba ológun lẹ́yìn Ironsi, fi Decree 14 yọ Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì kúrò ní Ìwọ̀-Oòrùn, ó kó wa sí Ìpínlẹ̀ Èkó. Inú mi dùn pé ọmọ Èkó ni mí, àmọ́ kò sẹ́ni tó bi àwọn òbí wa léèrè.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹni tó bá gba ìtàn àkàrà yẹn gbọ́ á rò pé bí ìwé òfin bá ti dé, ìjọba ipá ti lọ nìyẹn. Nígbà tí Eyadéma, ààrẹ Tógò, kú ní 2005, kíá ni ilé aṣòfin tún ìwé òfin wọn kọ kí Faure ọmọ rẹ̀ lè jókòó sórí àga. Tiwa tí a ń lò lónìí, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Àwa ènìyàn” Nàìjíríà, inú Decree 24 ti 1999 ló wà, Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar ló sì buwọ́ lù ú.