Ẹ ṣe ibi ìbumi fún wa ná, ká tó sọ̀rọ̀ ike

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jẹ́ n kúkú sọ ọ́ síta lónìí. Ojoojúmọ́ la ń gbọ́ ọ pé ká yé ra omi inú ike, pé ike ti kún odò, ó ti dí gọ́tà, ó ti dé inú òkun, ẹja ń gbé e mì. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní ìgboro tí òǹgbẹ ń gbẹ, tó ti rìn nínú oòrùn títí tí itọ́ ti ń lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ ní kó má ra ike, ó dáa, níbo lẹ wá ní kó ti rí omi mu? Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn, ibẹ̀ sì ni gbogbo èèyàn máa ń fò kọjá.

Ẹ gbọ́ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ń rìnrìn àjò, mo gbé ìgò omi onírin mi dání bí mo ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n ní kí n da omi inú ẹ̀ nù, mo dà á nù, òfin ni, mi ò bínú, mo ní tí mo bá ti kọjá sí òdìkejì màá bu òmíì. Mo kọjá, mo wá ẹ̀rọ omi títí. Ẹnì kan ló júwe ẹ̀ fún mi pé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìtọ̀. Mo dé ibẹ̀, lóòótọ́ ó wà, abọ́ irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, ó ní bọ́tìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo tẹ bọ́tìnì, omi yọ tín-ín-rín bí itọ́ ọmọ ọwọ́, ó ń wọ́ lọ létí abọ́. Mo gbé ìgò mi sábẹ́ ẹ̀, kò gbà á. Ìgò ga ju ẹnu ẹ̀rọ lọ, àfi kí n dà á dùbúlẹ̀, tó bá sì ti dùbúlẹ̀ báyẹn, omi ò ní tíì dé ìdajì tó fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn padà síta. Mo fọwọ́ kan tẹ bọ́tìnì, mo fi èkejì di ìgò mú, báàgì mi wà láàárín ẹsẹ̀ mi, apá aṣọ mi tutù dé ìgúnpá. Ìyá kan tó fa ọmọ lọ́wọ́ dúró lẹ́yìn mi, ó wò mí, ó wo ẹ̀rọ yẹn, ó mirí, ó fa ọmọ ẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, ó ra omi inú ike méjì. Ta ló máa bá ìyá yẹn wí? Èmi ò jẹ́ bá a wí o.

Ike kọ́ ló wù ú. Òǹgbẹ ló ń gbẹ ọmọ ẹ̀, omi ló ń wá. Ká ní ẹ̀rọ yẹn ń tú omi dáadáa ni, tí ẹnu ẹ̀ ga tó, kò ní ra ike kankan lọ́jọ́ náà. Mo ti wá gbà lọ́kàn ara mi pé ọ̀pọ̀ ike tí à ń rí nílẹ̀ yìí, ẹ̀rọ omi kan ló wà nídìí ẹ̀, ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́, tàbí èyí tí ẹnì kankan ò ronú àtiṣe síbẹ̀ láéláé.

Tí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé nǹkan tuntun ni mò ń bèèrè, rárá o, ike ló bá ẹ̀rọ omi láyé. 1973 ni wọ́n fún Nathaniel Wyeth ní ìwé àṣẹ lórí irú ìgò ike tí à ń lò lónìí, ìyẹn ò tíì ju ọdún 50 àti díẹ̀ lọ. Omi ọ̀fẹ́ ní ìgboro ti wà ṣáájú ẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ní London, lọ́dún 1854, kọ́lẹ́rà ń pa èèyàn lọ rẹpẹtẹ, dókítà kan tó ń jẹ́ John Snow tọpa ẹ̀ títí tó fi dé ìdí ẹ̀rọ omi kan ní Broad Street, wọ́n sì yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà kúrò kí ẹnikẹ́ni má baà fà á mọ́. Nígbà tó di 1859, ẹgbẹ́ kan dìde níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣe ẹ̀rọ omi tó mọ́ fún aráàlú lọ́fẹ̀ẹ́, èyí àkọ́kọ́ wà lára ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì St Sepulchre, ife tí wọ́n fi ṣéènì so mọ́ ọn ni gbogbo ayé fi ń mu ún. Ní Paris, lọ́dún 1872, lẹ́yìn ogun tó sọ omi di ọ̀wọ́n, ọlọ́rọ̀ ará Bírítéènì kan tó ń jẹ́ Richard Wallace fowó ara ẹ̀ ṣe ẹ̀rọ omi síta fún wọn, àwọn onírin aláwọ̀ ewé tí obìnrin mẹ́rin fi orí gbé òrùlé ẹ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń ṣàn dòní. Ife tiwọn náà wà lórí ṣéènì títí di 1952 kí wọ́n tó yọ ọ́ nítorí ìmọ́tótó. Ọ̀rọ̀ ife yẹn máa ń gbé mi lọ́kàn gan-an, torí ohun tó bà á jẹ́ nígbà náà ni pé ẹnu gbogbo èèyàn ló ń kan ife kan ṣoṣo. Lónìí kálukú ti ní ife tiẹ̀ nínú báàgì, ìgò tí à ń gbé kiri yìí náà ni. Ohun tó le nínú iṣẹ́ náà, a ti bá wọn ṣe é.

Ti Róòmù ló wù mí jù. Láti 1874 ni wọ́n ti ń ri irin omi mọ́lẹ̀ sétí títì níbẹ̀, nasoni ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé imú ńlá, torí bí ẹnu ẹ̀ ṣe tẹ̀ kodoro. Ó tó nǹkan bí 2,500 káàkiri ìlú náà. Tó o bá fẹ́ mu níbẹ̀ láìsí ife, wàá fi ìka dí ẹnu ẹ̀ nísàlẹ̀, omi á wá fò sókè gba ihò kékeré kan tó wà lórí irin náà, wàá tẹnu bọ̀ ọ́. Ìka kan péré. Ọmọ ọdún márùn-ún lè ṣe é, kò sí bọ́tìnì kankan.

Ohun tó tún ń dùn mí ni wàhálà tí à ń ṣe lórí nǹkan tó ti wà nílẹ̀. Lítà omi kan, kílò kan ni. Tírélà tó kó omi inú ike kún inú, ẹ wo bó ṣe máa wúwo tó, á máa jo epo, á máa tú èéfín, á sì gba orí títì tí páìpù omi ìlú wà lábẹ́ ẹ̀ kọjá. Omi ń lọ lókè, omi ń lọ nísàlẹ̀. A ó mu tòkè tán láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ike á wá kù lọ́wọ́ wa, a ò mọ ibi tí a máa gbé e sí.

Àwọn kan á ní ṣebí wọ́n ń tún un lò. Ìwádìí kan tó jáde ní 2017 fi hàn pé nínú gbogbo ike tó ti di pàǹtírí láyé títí di 2015, nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 ni wọ́n tún lò, wọ́n sun díẹ̀, èyí tó pọ̀ jù wà nínú ilẹ̀ tàbí nínú omi. Mi ò ní kí wọ́n má tún ike lò o, ó dáa bẹ́ẹ̀, Jámánì ti ń dá owó padà láti 2003 fún ẹni tó bá dá ike ẹ̀ padà, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n ike tí a ò rà rárá, kò sẹ́ni tó máa ṣa á nílẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní omi ẹ̀rọ ọ̀dọ̀ tòun ò ṣeé mu. Mo gbà, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí n fara mọ́ àwọn tó ń pariwo pé kí wọ́n kàn fòfin de ike lọ́la. Níbi tí omi ò bá ti mọ́, tàbí tí omíyalé bá ti ba gbogbo páìpù jẹ́, omi inú ike yẹn ló ń gba ẹ̀mí là, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ aráàlú. Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe omi kó mọ́. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti sọ ọ́ láti July 2010 pé omi tó mọ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ẹ̀tọ́ kì í sì í ṣe nǹkan tó yẹ kéèyàn máa rà ní ike kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n níbi tí omi ẹ̀rọ ti dáa, tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò déédéé, ẹ̀rù ọkàn wa ló kù, torí ike ní lébẹ́ẹ̀lì tó rẹwà, ẹ̀rọ ò ní. Ní January 2024, àwọn onímọ̀ ní Columbia University gbé iṣẹ́ kan jáde, wọ́n ka èérún ike tó wà nínú oríṣi omi inú ike mẹ́ta, ó tó nǹkan bí 240,000 nínú lítà kan, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹ̀ kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i. Ohun tó ń ṣe lára wa, wọ́n ṣì ń wádìí ẹ̀ lọ́wọ́, mi ò sọ ọ́ láti fi dẹ́rù ba èèyàn, mo kàn ní ká má rò pé ohun tí wọ́n bá ti dé lẹ́nu pa ló mọ́ jù.

Ibi tó wá ká mi lára jù lọ nìyí. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń ṣí ẹ̀rọ omi tuntun, èrò máa ń pọ̀, wọ́n á gé ríbọ́n, ọ̀gá á bu omi mu, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Ẹ padà lọ síbẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ẹ máa bá ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi wé e lórí, tàbí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn pé kò ṣiṣẹ́, tí òjò ti fọ ìdajì ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá gbé ìgò òfìfo débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó bá a bẹ́ẹ̀ kò ní padà wá mọ́, kódà kò ní wá èyí tó wà níwájú lọ, ó ti gbà lọ́kàn ẹ̀ pé irọ́ ni gbogbo ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ló máa yà sí. Ẹ̀rọ kan tó kú ń ba mẹ́wàá tó wà láàyè lórúkọ jẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí wọ́n yé ka iye ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún wa, kí wọ́n ka iye ọjọ́ tí omi fi yọ lẹ́nu ẹ̀ láàárín ọdún kan.

Iṣẹ́ ẹ̀ ò sì le, ó kàn gba kéèyàn má gbàgbé ni. Fílítà ní ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, tó bá pẹ́ jù, inú ẹ̀ gan-an ni kòkòrò á ti máa gbèrú. Omi tó bá ti sùn nínú páìpù, kí wọ́n jẹ́ kó ṣàn dànù díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bu. Kí ẹnì kan máa nu ẹnu ẹ̀rọ yẹn lójoojúmọ́, torí àwọn kan á ṣan ọwọ́ níbẹ̀, àwọn kan á tutọ́ sí i. Kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ fílítà gbẹ̀yìn sára ẹ̀ gàdàgbà, pẹ̀lú nọ́ńbà tí èèyàn lè pè tó bá bàjẹ́. Kí wọ́n sì jọ̀ọ́, kí wọ́n gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìtọ̀. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni páìpù ti sún mọ́ra, ó rọrùn fún ẹni tó ń fà á, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fẹnu kan omi níbi tí òórùn ìtọ̀ ti ń bọ̀? Ibi tí èèyàn ti ń dúró de ọkọ̀ ló yẹ kó wà, ibi tí ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Kí ẹnu kan ga fún ìgò, kí òmíì wà nísàlẹ̀ fún ọmọdé àti ẹni tó jókòó sórí àga onítáyà.

Owó ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ò ní kó má náni lówó, ẹnì kan ló ń san án. Èmi gbà pé owó orí wa ló yẹ kó san án, bíi ti iná títì, a kì í dáwó nídìí òpó iná ká tó kọjá. Ní Faransé, òfin tí wọ́n ṣe ní 2020 ti sọ ọ́ di dandan láti 2022 pé àwọn ilé ńlá tí aráàlú ń wọ̀, tó lè gba èèyàn tó ju 300 lọ, gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ omi mímu ọ̀fẹ́ tí páìpù omi bá dé ibẹ̀. Ní Bundanoon, ìlú kékeré kan ní Ọsirélíà, aráàlú dìbò ní 2009, àwọn onísọ́ọ̀bù fúnra wọn gbà láti má ta omi inú ike mọ́, wọ́n sì ṣe ẹ̀rọ omi síta. Pápákọ̀ òfurufú San Francisco náà ò jẹ́ kí wọ́n ta á mọ́ láti 2019, ṣùgbọ́n ibi ìbumi ti wà káàkiri inú ẹ̀ kí òfin yẹn tó dé. Bó ṣe yẹ kó tẹ̀léra nìyẹn, omi ṣáájú, òfin tẹ̀lé e.

Àwa náà ní ìpín tiwa o. Ẹ máa fọ ìgò yín, ọṣẹ àti omi gbígbóná, kẹ́ ẹ sì yọ ràbá roboto tó wà nínú ìdérí ẹ̀, abẹ́ ẹ̀ ni èéhù máa ń fara pamọ́ sí, ibẹ̀ ni òórùn yẹn ti ń wá. Ẹ má sì ra ìgò mẹ́fà torí àwọ̀, ọ̀kan tó.

Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó ń bójú tó pápákọ̀ yẹn. Ohun mẹ́ta ni mo bèèrè: kí wọ́n gbé ẹnu ẹ̀rọ sókè kí ìgò lè nàró lábẹ́ ẹ̀, kí wọ́n ṣe òmíì síbi tí èrò ti ń jókòó, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà sára ẹ̀. Wọ́n fèsì pé àwọn ti rí lẹ́tà mi, kò tíì sí nǹkan míì lẹ́yìn ìyẹn. Mo ní ìrìn kan tó máa gba ibẹ̀ kọjá láìpẹ́, mo fẹ́ lọ wo ẹ̀rọ yẹn, tó bá ṣì wà bó ṣe wà, màá ya fọ́tò ìgò mi níbi tó dùbúlẹ̀ sí, màá fi há inú lẹ́tà kejì.