Tọ́bò ńlá kọ́ ló ń fún mọ́tò lágbára

Ní Sátidé tó kọjá, níbi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò ní Alágbàká, l'Ákúrẹ́ níbí, mo tún gbọ́ ọ. Ọmọkùnrin kan ń fọwọ́ sọ̀yà pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà ra tọ́bò ńlá sí Passat yín, á máa fò ni." Gbogbo ẹni tó dúró ń mi orí. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Atẹ́gùn ni tọ́bò ń tì wọ inú ẹ́ńjìnnì, kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gíráàmù epo kan ń fẹ́ nǹkan bíi gíráàmù atẹ́gùn 14.7 kó tó jó tán. Bí o bá wá ti atẹ́gùn kún un, tí nozzle tó ń tú epo ṣì wà bó ṣe wà, epo ò ní tó, iná inú ẹ́ńjìnnì á gbóná kọjá ààlà, písítìn á yọ́. Tí orí bá bá ọ ṣe é, bréènì-bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, á ti kọ́kọ́ dè é mọ́lẹ̀, mọ́tò á máa wọ́ bí ìgbín.

Ẹ wo 1.8T, ẹ́ńjìnnì tọ́bò inú Passat yẹn, fúnra rẹ̀. Passat tó ń ti Amẹ́ríkà wá, agbára ẹṣin 150 ló ní tẹ́lẹ̀, ó di 170 ní 2001. Tọ́bò K03 kékeré náà ló wà lára méjèèjì. Ètò inú bréènì ni ìyàtọ̀ tó pọ̀ jù. Nígbà tí Audi fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì 1.8T náà fún mọ́tò TT wọn ní 225, lóòótọ́ ni wọ́n gbé K04 tó tóbi jù ú lọ sí i, ṣùgbọ́n intercooler méjì, tó ń mú atẹ́gùn tọ́bò tutù kó tó wọ ẹ́ńjìnnì, ni wọ́n fi tì í, wọ́n fi nozzle tó ń tú epo ju ti tẹ́lẹ̀ sí i, wọ́n sì tún bréènì tò. Àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì ò rò pé tọ́bò nìkan tó, ìwọ lo wá mọ̀ ọ́n lábẹ́ igi máńgòrò?

Wọ́n á ní ẹnìkan ṣe é l'Ékòó, ó ń fò. Ẹni náà ò sọ ìyókù ohun tó pààrọ̀ fún yín ni.

Èmi náà tọ́jú owó K04 fún oṣù mẹ́jọ. Nígbà náà, bí mo bá ń gun òkè lọ sí Ìdànrè, ọkọ̀ akẹ́rù kòkó ń yà mí sílẹ̀. Rewáyà kan ní kí n jẹ́ kí òun yẹ̀ ẹ́ wò ná. Kóòdù P1297 ló jáde: ẹ wo rọ́bà tó so tọ́bò mọ́ ẹnu ẹ́ńjìnnì. A fẹ́ èéfín sínú rẹ̀, ló bá ń rú jáde lábẹ́, níbi tí ojú ò tó. Ọ́ìlì ti mu rọ́bà náà, ó ti rọ̀, ó ti ya. Fáàfù kékeré tó ń tú atẹ́gùn sílẹ̀ tí a bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí túrótù náà ti fàya. A pààrọ̀ méjèèjì, a fi pọ́lọ́ọ̀gì tuntun àti kọ́ìlì kan kún un. Owó rẹ̀ ò tó ìdá mẹ́rin ohun tí mo tọ́jú. Lórí òkè kan náà, èmi ni mo wá ń fun fèrè fún akẹ́rù.

Ibẹ̀ ni kí ẹni tówó ò tó ti bẹ̀rẹ̀. Kó pa ọ́ìlì dà lásìkò, nítorí 1.8T kì í fojúure wo ọ́ìlì tó ti di ẹrẹ̀, tọ́bò ló sì máa ń kọ́kọ́ pa. Lẹ́yìn náà ló kan títún bréènì tò, lọ́wọ́ ẹni tó lè ka ohun tí ẹ́ńjìnnì ń sọ bó ṣe ń sáré. Intercooler tó dáa á tẹ̀ lé e. Ẹ mọ oòrùn Akúrẹ́ lóṣù kẹta.

Mo gbà, K03 ò lè gbé yín kọjá 225. Ta ló bi yín ní 300 lójú ọ̀nà Ọba Adésidà, níbi tí Márúwá ti gba títì?

Owó K04 tó ṣẹ́kù, bíréèkì ni mo fi ṣe.