Àlejò Lójú, Kò Fi Ríran: Ọ̀rọ̀ fún Òbí Ọmọ Tí Ó Ń Yàwòrán

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú ni a sábà máa ń pa òwe yìí mọ́, ẹni tí yóò la ojú rẹ̀ sílẹ̀ kedere tí yóò sì kọjá ilé tí ó ń wá. Olùkọ́ tí ó kọ́ mi ní àwòrán yíyà ní Ẹ̀pẹ́ kì í lò ó bẹ́ẹ̀. Àwa tí a bí sí etí ọ̀sà gan-an ni ó ń pè ní àlejò, mo sì ti wá gbà pé òótọ́ ni ó sọ.

Ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ ní kí a ya ọ̀sà, gbogbo wa ni a sáré mú ọ̀dà búlúù, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni a ti ń rí omi nínú ìwé láti kékeré. Kò bá wa wí. Ní ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó yọ tán, ó kó wa lọ sí etí omi, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì títí òun yóò fi sọ̀rọ̀. A wo omi títí. Ó rí bí eérú níwájú wa, ó rí bí aró lábẹ́ ọkọ̀ àwọn apẹja, ó ń pọ́n ní ọ̀nà jíjìn níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀, kò sì sí ibi kankan tí ó ti jọ ohun tí ó wà nínú ike ọ̀dà wa. Àwọn kan máa ń sọ pé àwọ̀ mẹ́ta péré ni Yorùbá mọ̀: funfun, pupa àti dúdú. Inú mi kì í dùn sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ẹni tí ó mọ ìyàtọ̀ sányán sí àlàárì, tí ó mọ ìyàtọ̀ osùn sí epo, kò ṣe aláìní àwọ̀. Orúkọ wọ̀nyí ni olùkọ́ wa fi kọ́ wa bí a ṣe ń po ọ̀dà. Bí ó bá ní kí iyanrìn sún mọ́ sányán díẹ̀, kò sí ọmọ tí kò ní mọ ohun tí ó ń wí.

Iṣẹ́ kí á la ojú ọmọ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè wa. Ní Ìjẹ̀bú-Òde tí kò jìnnà sí wa ni wọ́n ti bí ayàwòrán Aina Onabolu ní 1882, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ òyìnbó kò gbà pé ọmọ aláwọ̀ dúdú lè ya ènìyàn kí ó sì jọ ẹni náà. Ní 1906 ni ó ya Ìyáàfin Spencer Savage, nígbà tí ó ṣì ku ọdún púpọ̀ kí ó tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1920. Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn tí ó padà dé ni mo kà sí jù: ó ń ti ilé ẹ̀kọ́ kan bọ́ sí òmíràn ní Èkó láti kọ́ ọmọ, ó sì rọ ìjọba títí wọ́n fi mú Kenneth Murray, olùkọ́ àwòrán ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá ní 1927 láti bá a gbé ẹrù náà. Ayàwòrán Yusuf Grillo náà, tí ó fi búlúù bí aró dá ara rẹ̀ mọ̀, fi ohun tí ó ju ọdún 25 lọ ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Yaba College of Technology ní Èkó. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrèǹgbè. Àwọn ayàwòrán wọ̀nyí mọ̀ pé bí iṣẹ́ náà bá dúró lọ́wọ́ àwọn nìkan, yóò bá àwọn lọ.

Nítorí náà mo bẹ ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe pe ọmọ tí ó jókòó ti ewé kan fún wákàtí kan ní ọ̀lẹ. Ẹ má sì sáré ra ọ̀dà olówó iyebíye fún un. Pẹ́ńsùlù àti bébà tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ fọ́tò orí fóònù ni ó ń wò yà nígbà gbogbo, ẹ rán an jáde, torí pé fọ́tò a máa sọ òjìji di dúdú lásán. Nígbà tí ó bá sì dé orí ọ̀dà olóròóró, ẹ fún un ní àyè, nítorí ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: ìpele àkọ́kọ́ ni ó gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́, kí òróró sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú èyí tí yóò lé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ti òkè yóò gbẹ ṣáájú ti ìsàlẹ̀, àwòrán yóò sì sán.

Ní ọdún tí mo lò kẹ́yìn lọ́dọ̀ olùkọ́ wa, ó kó wa lọ sí ọjà Olúwo kí olúkúlùkù lè ya ẹja kan péré. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wa tí ìyá rẹ̀ ń ta ẹja níbẹ̀, tí ìyá náà kò sì fẹ́ràn àwòrán yíyà yìí rárá. Ó jókòó ti igbá ìyá rẹ̀ láti òwúrọ̀, ó ń ya àrọ̀ kan. Nígbà tí ó fi pẹ́ńsùlù yà á tán, ìyá rẹ̀ gba bébà náà, ó wò ó, ó wo inú igbá, ó tún wò ó, ó wá fi ìka tọ́ etí ìrù rẹ̀, níbi tí àwọ̀n ti gé e díẹ̀. Ó ní, “Tíṣà, ẹja tí mo gbà lọ́wọ́ bàbá ẹ̀ láàárọ̀ nìyí.” Àwọn oníbàárà ń bọ̀, wọ́n ń lọ, kò sì ta ẹja náà títí ọmọ rẹ̀ fi kùn ún tán.