Ta ni iPhone rọrùn fún?

Ẹ ní iPhone ló rọrùn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ fóònù lò? Èmi ò gbà o. Màmá mi ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba, Òṣogbo níbí. Android, irú fóònù tí Samsung àti Tecno ń ṣe, ni wọ́n ń lò, bọ́tìnnì ìpadà tó wà nísàlẹ̀ yẹn ni wọ́n sì gbójú lé: ibi yòówù kí wọ́n ṣìnà dé, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á padà síbi tí wọ́n ti ń bọ̀. Tí fóònù tuntun bá gbé e pamọ́, sẹ́tìǹsì la ó ti dá a padà. iPhone ò ní irú ẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ ó fìka fa ojú ẹ̀ láti ọwọ́ òsì, nígbà mìíràn ọfà kékeré kan ló wà lókè. Ta ló fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún ìyá àgbà láàárín ọjà?

Ẹni tó ń sọ pé tálákà ló ń lo Android, ẹ rọra. Ibi tí mo ti gbà fún iPhone ni pé bákan náà ni wọ́n to sẹ́tìǹsì gbogbo iPhone. Samsung àti Tecno ò to tiwọn bákan náà. Ṣùgbọ́n Android sí Android, Bluetooth lásán á gbé fọ́tò aṣọ dé ọwọ́ oníbàárà láìná dátà kankan. iPhone sí Android, Bluetooth lásán ò lè ṣe é.