Àárò Ohun Ìṣeré Tí Ọwọ́ Wa Kò Tẹ̀

Ní ìparí oṣù tó kọjá, mo ra mọ́tò ìṣeré onírin kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí gígùn rẹ̀ kò ju ìka àárín mi lọ. Ó ṣì wà nínú páálí tí wọ́n fi gbé e jáde láti ilé iṣẹ́, igun páálí náà mú ṣáṣá, ọ̀dà pupa ara mọ́tò náà sì ń dán bí ẹni pé àná ni wọ́n kùn ún. Ẹni tó tà á fún mi kọ ìkìlọ̀ mọ́ ọn pé kí n má ṣe ṣí páálí náà o, nítorí pé ọjọ́ tí mo bá ṣí i ni iye owó rẹ̀ yóò já wálẹ̀. Kò mọ̀ pé torí kí n lè ṣí i gan-an ni mo ṣe rà á. Táyà kan ni mo fẹ́ yọ lára rẹ̀.

Irú mọ́tò yìí kan náà ni mo ní ní kékeré. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bá mi tọ́jú rẹ̀ láti ọdún yìí wá, nínú agolo kan tó kó bọ́tìnnì àti kọ́kọ́rọ́ sí, àwọn kọ́kọ́rọ́ tí kò sí ẹni tó mọ ilẹ̀kùn wọn mọ́. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti bó débi pé kọ́lọ́fín ẹ̀bá ilẹ̀kùn nìkan ni pupa ṣẹ́ kù sí. Lábẹ́ rẹ̀, mo ti fi ìṣó ha lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ mi sí i kí àbúrò mi má baà sọ pé tòun ni. Ẹ̀yìn lẹ́tà náà ló kọ síwájú, nítorí pé mi ò tíì mọ̀wé kọ dáadáa nígbà náà. Táyà iwájú lápá òsì ti wọ́, irin tó gbé e dúró sì ti tẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ pààrọ̀.

Mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀rẹ́ mi kan tó máa ń ṣa ohun ìṣeré àtijọ́ jọ, ó sì pariwo lé mi lórí fóònù bí ẹni pé mo fẹ́ gbé ọ̀bẹ sí ọmọ rẹ̀ lọ́rùn. Kí n má parọ́, ojú tí mo fi ń wo àwọn tó ń ra ohun ìṣeré inú páálí kì í ṣe ojú rere tẹ́lẹ̀. Mo gbà pé owó ni wọ́n ń wá, wọ́n kàn fi ìrántí ìgbà èwe bo owó náà mọ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ohun ìṣeré tó bá sì ti di àkísà ni mo kà sí ohun ìṣeré tòótọ́. Kí ni ènìyàn ń rántí nínú ohun tí ọmọ kankan kò fi ṣeré rí?

Ọ̀rẹ́ mi jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, ó wá ní: “Ìwọ ní tìrẹ. Èmi ò ní. Ẹ̀yìn gíláàsì ni mo ti máa ń wò ó, inú páálí yẹn gan-an ló sì máa ń wà. Bí o bá yọ ọ́ síta fún mi báyìí, mi ò ní dá a mọ̀.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló lé mi dé ibi tí mo ti ń kọ èyí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti rí i pé oríṣi àárò méjì ni à ń pè ní ọ̀kan ṣoṣo. Ọ̀kan ni àárò ohun tó wà lọ́wọ́ wa tí a lò ó gbó. Èkejì ni àárò ohun tí a fẹ́ tí ọwọ́ wa kò tẹ̀. Johannes Hofer, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní ìlú Basel, ló ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tí àwọn òyìnbó fi ń pe àárò, “nostalgia”, ní ọdún 1688, àìsàn ló sì kà á sí, àìsàn àwọn tó jìnnà sí ilé tí wọ́n sì ń wá ọ̀nà àtipadà. Ṣùgbọ́n ibo ni ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí yóò padà sí? Bóyá ìdí nìyí tí àárò kejì yìí fi le ju ti àkọ́kọ́ lọ, tó sì jẹ́ pé òun ló ń gbé owó gọbọi sórí àwọn nǹkan wọ̀nyí.

Ẹ wo bí àwọn mọ́tò kéékèèké náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Jack Odell, ọ̀kan lára àwọn tó ni ilé iṣẹ́ Lesney ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọmọbìnrin kan tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò gbà kí ọmọ mú ohun ìṣeré wá àfi èyí tó bá lè wọnú páálí ìṣáná. Bàbá náà ṣe ẹ̀rọ kékeré kan fún un, irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ ilẹ̀ ọ̀nà kó le, tó sì wọ inú páálí náà. Ibẹ̀ ni Matchbox, orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn mọ́tò náà, ti wá ní ọdún 1953, tó fi jẹ́ pé páálí ìṣáná ni orúkọ rẹ̀ títí dòní. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé ohun tí wọ́n ṣe kéré kí ọmọ lè máa mú un kiri nínú àpò ni àwọn àgbà ń fi ìbọ̀wọ́ funfun gbé lónìí. Síbẹ̀, bí a bá tún un rò, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni páálí ti jẹ́ apá kan eré náà. Ọ̀rẹ́ mi kò jẹ̀bi tó bí mo ṣe rò.

Àpẹẹrẹ tó wọ̀ mí lára jù lọ ni ti ọdún 1977. Fíìmù Star Wars jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, àwọn ọmọdé Amẹ́ríkà sì ya bo ilé sinimá. Kenner, ilé iṣẹ́ tó gba àṣẹ láti ṣe ohun ìṣeré fíìmù náà, kò tíì ní ọmọlangidi kankan nílẹ̀ tí yóò tà nígbà Kérésìmesì. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n ta páálí pẹlẹbẹ tí kò sí ọmọlangidi nínú rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju pátákó oníwèé tí wọ́n ya àwòrán sí, àwọn àwòrán tí a lè lẹ̀ mọ́ nǹkan, àti ìwé ẹ̀rí kan tí òbí yóò fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ náà, kí wọ́n lè fi ọmọlangidi mẹ́rin ránṣẹ́ sí ọmọ náà nígbà tó bá yá, ní ọdún 1978. Ẹ fojú inú wo ọmọ ọdún méje tó já ẹ̀bùn rẹ̀ ní òwúrọ̀ Kérésìmesì, tó sì bá ìwé níbẹ̀. Ó gbé pátákó náà kalẹ̀, ó tò ó dáadáa, ó sì ń wo ibi tí àwọn ọmọlangidi náà yóò dúró sí. Ìdúródè yẹn ni ó ní ní gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, mo sì gbà pé òun ló ń rà padà lónìí nígbà tó bá ń wá páálí náà kiri tí ìwé ẹ̀rí inú rẹ̀ ṣì wà láìlò. Lójú mi tẹ́lẹ̀, kò sí ohun tó jọ ìwà wèrè tó èyí, kí ènìyàn máa ra páálí òfìfo lẹ́ẹ̀kejì. Ojú mi ti là sí i.

Ti Boba Fett, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀dá inú ìtàn Star Wars, tiẹ̀ tún ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kenner ṣèlérí fún àwọn ọmọdé pé ọmọlangidi Boba Fett tí àwọn yóò fi ránṣẹ́ sí wọn yóò ní ọta kékeré lẹ́yìn tí yóò máa ta jáde bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n tó gbé e jáde, ẹ̀rù bà wọ́n pé ọta náà lè há ọmọ lọ́fun, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ọmọlangidi náà pátápátá. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n ti fi dán an wò, tí ọta wọn ń ta, kò dé orí àtẹ rárá. Ní ọdún 2024, ọ̀kan lára wọn tà ní gbàǹjo ní Amẹ́ríkà fún 525,000 dọ́là. Ohun tí wọ́n ṣèlérí fún odidi ìran ọmọdé kan tí ọ̀kankan nínú wọn kò rí gbà, ẹ sọ fún mi, kí ni ì bá tún wọ́n jù ú lọ?

Ẹ má rò pé gbogbo páálí ni mo ń gbè lẹ́yìn báyìí. Àwọn ẹranko aláṣọ tí wọ́n ń pè ní Beanie Babies, tí ilé iṣẹ́ Ty ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ọdún 1993, jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ilé iṣẹ́ náà a máa kéde pé òun kò ní ṣe irú ẹranko kan mọ́, àwọn àgbàlagbà a sì gbá jọ láti ra ìyókù. Wọ́n ń ra ike kékeré tí wọ́n fi ń bo àmì tó ní ìrísí ọkàn tó wà létí ẹranko náà kí ó má baà ká. Ní ọdún 1999, ní ilé ẹjọ́ kan ní Las Vegas, tọkọtaya tó ti kọ ara wọn sílẹ̀ lóṣòó sílẹ̀ níwájú adájọ́, tí wọ́n ń mú ẹranko wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè pín in dọ́gba. Lẹ́yìn náà ni ọjà rẹ̀ wó lulẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó rí. Ohun ìṣeré àtijọ́ wọ́n nítorí pé àwọn ọmọdé ba èyí tó pọ̀ jù jẹ́, àwọn ìyá sì kó ìyókù dànù. Bí gbogbo ènìyàn bá wá tọ́jú tiwọn, ta ni yóò ra tẹnìkejì? Èyí tó tún burú níbẹ̀ lójú tèmi ni pé kò sí àárò kankan nínú rẹ̀, ìbáà jẹ́ ti ohun tí a ní tàbí ti ohun tí a kò ní. Àwọn àgbà ló rà á fún ọjọ́ iwájú, ọmọdé kò sì sí nínú ọ̀rọ̀ náà.

Páálí pàápàá kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ìgbà. Ike funfun àwọn ẹ̀rọ ìṣeré àtijọ́ a máa pọ́n bí oòrùn bá ń ta sí i, irú rọ́bà tí wọ́n fi ṣe àwọn ọmọlangidi kan a sì máa yọ omi tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, torí pé èròjà tí wọ́n fi mú un rọ̀ ń jáde díẹ̀díẹ̀. Bátìrì ló burú jù. Mo ti ṣí ẹ̀yìn ohun ìṣeré kan rí tí bátìrì ti wà nínú rẹ̀ láti ìgbà tí a ti pa á tì: nǹkan funfun bí iyọ̀ ti hù bo gbogbo rẹ̀, irin tín-ín-rín tó yẹ kó gba iná ti di àwọ̀ ewé, ó sì kán sí mi lọ́wọ́ bí mo ṣe fọwọ́ kàn án. Èyí tí mo mọ̀ tí ìgbà kò rí gbé ṣe ni LEGO, àwọn bíríkì ike tí ọmọdé ń tò mọ́ra. Bíríkì tí wọ́n ṣe ní Denmark ní ọdún 1958 ṣì ń wọnú èyí tí wọ́n ṣe lánàá.

Ti Tamagotchi, tó jáde ní Japan ní ọdún 1996, mo kàn fẹ́ fẹnu bà á ni. Ẹ̀rọ ìṣeré kékeré tó rí bí ẹyin, tó ní bọ́tìnnì mẹ́ta, ni. Ẹ̀dá inú rẹ̀ ń fẹ́ oúnjẹ, ó ń fẹ́ ìmọ́tótó, bí a bá sì gbàgbé rẹ̀ yóò kú. Mo ti rí àwọn tó tún un rà ní àgbà tí wọ́n sì pa á tì kí ọ̀sẹ̀ tó pé. Ẹ̀rọ náà kò yí padà. Ẹ̀rù tí wọ́n fi ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ lábẹ́ tábìlì nínú kíláàsì ni kò sí mọ́, kò sì sí ẹni tó lè ta ìyẹn fún wọn.

Ní ìlú Rochester ní Amẹ́ríkà, nínú ilé ìkóhun-ìṣeré-sí tí wọ́n ń pè ní The Strong, ibì kan wà tí wọ́n ti ń bu ọlá fún àwọn ohun ìṣeré tó ṣe pàtàkì jù. Ní ọdún 2005, wọ́n fi páálí lásán kún wọn. Ní ọdún 2008, wọ́n fi igi kún un: igi, bí ọmọ ṣe lè ṣa á nílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kórìíra ìpinnu yìí gidi. Ó ní ta ni yóò wá gba igi sílé? Èmi fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti yé bá a jiyàn lórí rẹ̀, torí mo mọ̀ báyìí pé kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ igi rí.

Ní ti mọ́tò mi, mo gbé méjèèjì sórí tábìlì lálẹ́ ọjọ́ kan, mo sì da èyí tó ti gbó dojú bolẹ̀. Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ kò ní ìdè tí a lè tú. Orí irin méjì tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́ ni ó so ó pọ̀, ènìyàn sì ní láti fi ẹ̀rọ lu ihò gba orí irin náà kí ó tó lè yọ táyà. Orí irin ti iwájú wà láàárín lẹ́tà tí mo fi ìṣó ha síbẹ̀. Mo wò ó títí, mo sì dá ẹ̀rọ náà padà sí àyè rẹ̀.

Mo ti fi ti inú páálí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi. Ohun àkọ́kọ́ tó bi mí ni bóyá mo ṣí i, mo ní rárá. Ó ní òun yóò san owó rẹ̀, mo sì jẹ́ kó san án, torí mi ò rà á ní pọ́ọ́kú. Lẹ́yìn tí a sọ̀rọ̀ tán, mo ti èyí tó ṣẹ́ kù síwájú lórí tábìlì. Ó lọ díẹ̀, ó yà sí òsì bí ó ṣe máa ń yà, ó sì já bọ́ sílẹ̀.