Irọ́ ni pé fíìmù tó yàtọ̀ sí ìwé ti ba ìwé jẹ́

Àbúrò mi kan ka Slam Dunk, ìwé aláwòrán kan láti Japan, tán, ìdìpọ̀ 31, lórí fóònù tí ojú rẹ̀ ti là. Nígbà tí mo ní kó wá ká jọ wo fíìmù rẹ̀, ó mirí. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, mi ò wò ó. Wọ́n ní wọ́n ti yí i padà.”

Òun nìkan kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìwé aláwòrán, tó sì ń retí kátúùnù rẹ̀, á ti gbọ́ ọ tàbí kó ti sọ ọ́ rí: bí fíìmù bá ṣe jọ ìwé tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe dára tó, èyí tó bá yà bàrá ti ba ìwé jẹ́. Mi ò gbà, Slam Dunk gan-an ni mo sì máa fi ṣe ẹlẹ́rìí.

Takehiko Inoue ló ya ìwé náà ní Japan, láti 1990 sí 1996. Àwọn ọmọ ilé-ìwé Shohoku tó ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ló dá lé, Hanamichi Sakuragi onírun pupa sì ni ọ̀gá eré. Kátúùnù orí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ parí ní 1996 láì dé ibi tí Shohoku ti pàdé ilé-ìwé Sannoh nínú ìdíje, ibẹ̀ sì ni ọkàn ìtàn náà wà. Ọdún 26 làwọn èèyàn fi retí ìdíje yẹn.

Nígbà tí wọ́n wá gbọ́ ní 2022 pé ohùn àwọn òṣèré àtijọ́ kọ́ ló máa wà nínú fíìmù, inú bí ọ̀pọ̀ wọn. Fíìmù jáde ní oṣù Kejìlá: Sakuragi kọ́ ni olórí ìtàn mọ́! Ryota Miyagi ni, ọmọ kúkurú tó ń pín bọ́ọ̀lù, ẹni tí ìwé kò sọ púpọ̀ nípa ilé rẹ̀. A bá a dé erékùṣù Okinawa ní Japan, a rí Sota ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń bá a gbá bọ́ọ̀lù, tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ lọ́jọ́ kan tí kò padà wálé mọ́.

Ta ló wá yí i padà? Inoue fúnra rẹ̀ ni. Òun ló kọ fíìmù náà, òun ló darí rẹ̀. Ẹni tó lọmọ ló dirun ọmọ rẹ̀ ní àrà mìíràn. Ta ni yóò pè é ní ọ̀tá ọmọ?

Ó sì nídìí. Nínú ìwé, Sakuragi lè fò sókè, kó máa ronú, kó máa yangàn, kí ẹlòmíì dá a lóhùn, bọ́ọ̀lù ò tíì balẹ̀. Kò sí wàhálà, ojú àwa tó ń kà á ló ń sún un síwájú. Àmọ́ nínú fíìmù, bọ́ọ̀lù tó lọ sókè gbọ́dọ̀ balẹ̀. Ìdíje Sannoh gba ju ìdìpọ̀ 5 lọ. Fíìmù ò ju wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú díẹ̀. Nítorí náà, Inoue gé àwàdà púpọ̀ kúrò, ó jẹ́ ká máa gbọ́ bí bàtà ṣe ń ha ilẹ̀ pákó, ó sì gba ìrìn ara àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù lóòótọ́ sínú àwòrán. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù: ilà pẹ́ńsù ń fà lórí ojú funfun, ọmọ Shohoku kan yọ, ó ti ń rìn kí wọ́n tó yà á tán, èkejì tẹ̀lé e.

Ẹ sì rántí Akira, ìwé aláwòrán Japan mìíràn. Katsuhiro Otomo tó ya ìwé náà fúnra rẹ̀ ló darí fíìmù rẹ̀ ní 1988, ìwé rẹ̀ ò sì parí títí di 1990. Ìparí wo lẹ fẹ́ kó tẹ̀ lé?

Lóòótọ́, fíìmù kan máa ń ba ìwé jẹ́, ó sì máa ń dùn mí wọra. Kì í ṣe tìtorí pé wọ́n yí nǹkan padà. Ẹni tó ṣe é ni kò mọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ sọnù. Inoue mọ̀ ọ́n. Ní ìṣẹ́jú-àáyá ìkẹyìn, níbi tí ìwé ò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ọ̀rọ̀ kankan, fíìmù náà pa orin, ó pa ariwo èrò, ó pa ohùn bọ́ọ̀lù pàápàá.

Àbúrò mi padà wò ó, lálẹ́ Sátidé kan. Ó mọ àbájáde ìdíje náà lórí: 79 sí 78. Síbẹ̀, nígbà tí ohùn gbogbo dákẹ́, ó dìde dúró, ó káwọ́ lérí, kò sì mí.