Ọ́ìlì gíà tí wọ́n ní kò ní pààrọ̀ láéláé yẹn, ẹ pààrọ̀ ẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa BMW, Mercedes, Audi, Jaguar tàbí Volvo tó ti dàgbà, ó dá mi lójú pé ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí: ọ́ìlì gíà ọtọmátíìkì inú ọkọ̀ yín, àtilé iṣẹ́ ni wọ́n ti rọ ọ́ sí i, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́ títí ọkọ̀ á fi parí iṣẹ́ ẹ̀. Èyí tó tún wá burú ju ìyẹn lọ ni pé tọ́kọ̀ bá ti rìn jìnnà tẹ́ ẹ lọ pààrọ̀ ẹ̀, gíà máa kú ni, pé kẹ́ ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà. Mẹ́káníìkì ń sọ ọ́, ẹni tó ń ta ọkọ̀ ń sọ ọ́, ẹni tí ò tíì wo abẹ́ ọkọ̀ rí náà ń sọ ọ́. Méjèèjì ò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì ń dùn mí, torí mo ń rí ọkọ̀ tó dáa, tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ṣì gbó keke, tó di ohun tí wọ́n ń tú ta ní wẹ́wẹ́ nítorí ọ́ìlì tẹ́nì kan ò pààrọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe gíà ọ̀hún gan-an. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Yúróòpù, kì í ṣe ilé iṣẹ́ tó fi orúkọ ẹ̀ sára ọkọ̀ ló ṣe gíà inú ẹ̀. ZF tó wà ní Friedrichshafen ní Jámánì ló ń ṣe gíà fún BMW, fún Jaguar, fún Land Rover àti fún ọ̀pọ̀ Audi. Gíà wọn tí wọ́n ń pè ní 6HP kọ́kọ́ jáde nínú BMW 7 Series lọ́dún 2001, BMW sì ní ọ́ìlì inú ẹ̀ kò ní pààrọ̀. Àmọ́ ZF fúnra wọn, àwọn tó mọ gbogbo ohun tó wà nínú irin yẹn, ní kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ láàárín 80,000 sí 120,000 kìlómítà, ó pẹ́ tán kó má ju ọdún 8 lọ, wọ́n tiẹ̀ ń ta gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa lò pa pọ̀, ọ́ìlì, páànù tó wà nísàlẹ̀ gíà pẹ̀lú fíltà ẹ̀, bóòtù tuntun, gbogbo ẹ̀. Ta ló wá yẹ ká gbà gbọ́, ẹni tó ṣe é ni àbí ẹni tó rà á lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é?

Mercedes náà ṣe irú ẹ̀. Gíà 722.6 wọn tó jáde lọ́dún 1996, ọ́ìlì tí kò ní pààrọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, nígbà tó yá wọ́n yí ohùn padà, wọ́n ní kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ ní 60,000 kìlómítà. Volkswagen ní tiẹ̀, gíà ọtọmátíìkì wọn tí wọ́n ń pè ní DSG, oní-gíà mẹ́fà tó jáde lọ́dún 2003, tí kílọ́ọ̀ṣì ẹ̀ wà nínú ọ́ìlì, wọ́n fún un ní 60,000 kìlómítà, kò sì sẹ́ni tó bá wọn jà.

Kí ló dé tí wọ́n fi sọ ọ́ nígbà yẹn? Èrò tèmi ni pé ẹni tó ń ra ọkọ̀ tuntun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Tí ìwé ọkọ̀ bá ní iṣẹ́ díẹ̀ ló máa nílò, ìtọ́jú ẹ̀ máa dà bí ohun tí ò wọ́n, ẹni yẹn sì máa tà á láàárín ọdún mélòó kan kí gíà tó bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Àwa tá a rà á lẹ́yìn ẹ̀, tá a fẹ́ kó ṣì bá wa rìn fún ọdún gbọọrọ, kì í ṣe àwa ni wọ́n kọ ìwé yẹn fún.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo ọ́ìlì ọ̀hún fúnra ẹ̀. Àlàyé tí wọ́n máa ń ṣe ni pé gíà ò ní iná nínú, èéfín ò wọ ibẹ̀, ibi tó dí pa ló wà, kí ló máa wá ba ọ́ìlì jẹ́? Òótọ́ ni pé èéfín ò wọ ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè dúdú bíi tẹ́ńjìnnì. Àmọ́ ẹ wo iṣẹ́ tó ń ṣe. Òun ni pọ́ǹpù ń tì káàkiri láti fi tẹ kílọ́ọ̀ṣì pọ̀, òun ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì kọjá nínú torque converter tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà, òun ló ń gbé ooru lọ síbi tó ti máa tutù, òun náà ló tún ń pinnu bí kílọ́ọ̀ṣì ṣe máa di ara ẹ̀ mú, kí ó má já gìrì, kí ó má sì yọ̀. Kẹ́míkà tí wọ́n pò mọ́ ọ́ìlì ló ń ṣe iṣẹ́ tó kẹ́yìn yẹn, ooru ló sì ń jẹ kẹ́míkà yẹn tán díẹ̀díẹ̀, ì báà dí pa ì báà má dí.

Nínú gíà bíi 6HP, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì tó wà nínú torque converter máa yọ̀ díẹ̀ kí ọkọ̀ lè máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kó má sì jẹ epo púpọ̀. Bó ṣe ń yọ̀ ló ń gbóná, bó ṣe ń gbóná ló ń jẹrà, lẹ́búlẹ́bú ẹ̀ á sì máa bọ́ sínú ọ́ìlì. Fíltà máa gbá èyí tó tóbi mú, èyí tó kúnná máa kọjá lọ sínú valve body, ibi tí àwọn fáàfù kéékèèké ti ń rìn síwá sẹ́yìn nínú ihò alumíníọ́ọ̀mù, á máa fá ihò yẹn títí tó fi máa gbòòrò, tí ìtẹ̀ ọ́ìlì á sì máa jò gba ẹ̀gbẹ́ fáàfù lọ. Ìgbà yẹn lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ọkọ̀ ń gbọ̀n tẹ́ ẹ bá rọra tẹ iná, tàbí kó dúró díẹ̀ kó tó wọ D, tàbí kó máa gbá yín nídìí bí ẹni tì yín tẹ́ ẹ bá fẹ́ dúró tí gíà ń bọ̀ láti 2 sí 1. Kì í ṣe ọjọ́ kan ló ń ṣẹlẹ̀, ìdí nìyẹn tí ò fi sẹ́ni tó ń di ẹ̀bi ẹ̀ ru ọ́ìlì.

Tó, ọ̀rọ̀ pé pípààrọ̀ ẹ̀ ló ń pa gíà. Ẹ bi ẹni tó bá sọ fún yín pé gíà òun kú lẹ́yìn tóun pààrọ̀ ọ́ìlì pé kí ló gbé òun dé ìdí pípààrọ̀ ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà ẹ máa gbọ́ pé ó ti ń já gìrì, ó ti ń yọ̀, wọ́n wá ní kóun fi ọ́ìlì tuntun gbìyànjú bóyá á lọ. Ẹni tó jẹ́ pé ìgbà tí àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára tán ló tó dé ọsibítù, tó bá kú síbẹ̀, ọsibítù kọ́ ló pa á. Wọ́n á tún ní lẹ́búlẹ́bú kílọ́ọ̀ṣì tó wà nínú ọ́ìlì àtijọ́ ló ń bá kílọ́ọ̀ṣì di ara ẹ̀ mú, tẹ́ ẹ bá ti dà á nù, ó parí. Mo gbọ́. Àmọ́ gíà tó jẹ́ pé ìdọ̀tí nìkan ló kù tó gbé e dúró, iṣẹ́ gíà yẹn ti tán kẹ́ ẹ tó ṣí i.

Àwọn tó kú lóòótọ́ lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì, tó sì jẹ́ pé ara ẹ̀ le tẹ́lẹ̀, ọ́ìlì tí kì í ṣe tiẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń rọ sí i, tàbí kí ọ́ìlì má pé. ATF, ìyẹn ọ́ìlì gíà ọtọmátíìkì, kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo o. Ọ́ìlì Dexron tó dáa fún gíà àtijọ́ kan kì í ṣe ohun tí 6HP ń mu, Lifeguard 6 ti ZF fúnra wọn tàbí èyí tó bá a dọ́gba ní pípé ni tiẹ̀, Mercedes ní nọ́ńbà tiẹ̀, 236.14 fún àpẹẹrẹ, DSG náà ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ mọ orúkọ gíà yín gan-an, ẹ wo àwo tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára, má wo ọkọ̀ nìkan, torí ọkọ̀ kan náà lè jáde pẹ̀lú gíà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èmi ò sì fara mọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ti ọ́ìlì kọjá pẹ̀lú agbára nínú gíà tó ti pẹ́, ìdọ̀tí tó ti jókòó síbì kan máa gbéra lọ síbi tí ò yẹ. Ẹ tú páànù, ẹ jẹ́ kó dà fúnra ẹ̀, ó tó.

Ẹni tó lè pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, tó sì ní sùúrù, lè ṣe iṣẹ́ yìí fúnra ẹ̀. Ohun àkọ́kọ́, mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ju gbogbo ẹ̀ lọ: kẹ́ ẹ tó tú ìdérí ìsàlẹ̀ tí ọ́ìlì ń gbà jáde, ibi tí wọ́n ń gbà rọ ọ́ sí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tú. Ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀, ó lè ti gan, tó bá kọ̀ tí ò tú, ọ́ìlì yín ṣì wà nínú ẹ̀, ẹ ṣì lè wa ọkọ̀ lọ wá ìrànlọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá ti da tìsàlẹ̀ nù kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé tòkè ò ṣí, ọkọ̀ ti dúró síbẹ̀ nìyẹn. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ọgbọọgba, iwájú àti ẹ̀yìn, lórí stand mẹ́rin, kì í ṣe lórí jáàkì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró.

Páànù 6HP inú ọ̀pọ̀ BMW, rọ́bà ni, fíltà wà nínú ẹ̀, wọn ò ṣeé yà, odidi ẹ̀ lẹ máa pààrọ̀. Tó bá bọ́ sílẹ̀, ẹ wo mágínẹ́ẹ̀tì tó wà nínú ẹ̀. Ẹ máa rí nǹkan eérú tó ki tó bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ fi àtàńpàkò àti ìka ìlábẹ̀ rà á wò: tó bá ń yọ̀ kẹlẹkẹlẹ tí ò sí nǹkan tó ń gún yín, ìjẹrà tó bá ọjọ́ orí ẹ̀ mu nìyẹn, ẹ fọkàn balẹ̀. Tó bá jẹ́ ègé irin tẹ́ ẹ lè fi ọwọ́ ṣà, nǹkan kan ti ń fọ́ nínú lọ́hùn-ún, ọ́ìlì tuntun ò sì ní tún un ṣe. Ẹ gbóòórùn ọ́ìlì náà, tó bá ń rùn bí nǹkan tó jóná, kílọ́ọ̀ṣì ti ń jóná nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ó pé ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Gíà wọ̀nyí ò ní igi tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́ìlì. Fún ZF yìí, ẹ máa rọ ọ́ títí á fi máa dà jáde níbi tẹ́ ẹ ti ń rọ ọ́, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ tún máa rọ ọ́ torí torque converter máa mu púpọ̀ sí i, ẹ tẹ bíréèkì kẹ́ni tó wà lórí ìjókòó fi gíà sí R, sí D, kó jẹ́ kó dúró díẹ̀ níbì kọ̀ọ̀kan kó tó dá a padà sí P. Sìkánà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ni kẹ́ ẹ fi máa wo bí ọ́ìlì ṣe ń gbóná, kì í ṣe ọwọ́. Láàárín 30 sí 50 dígírì ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n, tó bá ti ń sún mọ́ 40 tí èyí tó ń dà jáde ti tín-ín-rín bí okùn, ẹ dé e, kí ẹ́ńjìnnì ṣì wà ní títàn. Tẹ́ ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì kẹ́ ẹ tó dé e, ọ́ìlì máa tú dà sí yín lára, ẹ á sì tún bẹ̀rẹ̀. 722.6 ti Mercedes yàtọ̀: ihò igi wà, ìdérí ẹ̀ wà ní títì, àmọ́ kò sí igi nínú ẹ̀, irinṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni ẹ máa rà, 80 dígírì sì ni ẹ ti máa wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n ní tútù, tó wá gbà pé ó pé, kò lè mọ ohun tó rọ síbẹ̀, irú ẹ̀ ló sì máa ń padà wá sọ pé ọ́ìlì tuntun pa gíà òun.

Tí ọ́ìlì bá ti ń jò níbi tí wáyà ti wọ gíà, kì í ṣe pé gíà ti bàjẹ́. Nínú 6HP, rọ́bà kékeré kan tó máa ń gan tọ́jọ́ bá lọ wà ní ibi tí wáyà ti wọlé sínú mechatronic, ìyẹn ibi tí valve body àti kọ̀ǹpútà gíà ti jọ wà, wọ́n lè pààrọ̀ òun nìkan nígbà tí páànù bá wà nílẹ̀. Ti Mercedes ló tún yẹ kẹ́ ẹ tètè ṣọ́, ọ́ìlì máa ń gba inú wáyà lọ títí á fi dé kọ̀ǹpútà gíà lókè, ẹ tú ìdí wáyà yẹn wò, tó bá tutù fún ọ́ìlì, ẹ pààrọ̀ ìsopọ̀ wáyà kékeré tó wà lára gíà yẹn kó tó ba kọ̀ǹpútà jẹ́.

Páànù tẹ́ ẹ tú, kò lè ju bí ìdajì ọ́ìlì inú ẹ̀ lọ tó máa jáde, ìyókù wà nínú torque converter. Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ ìtàn ọkọ̀ yín, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún kìlómítà mélòó kan, kì í ṣe lọ́jọ́ kejì. Kọ̀ǹpútà gíà ti kọ́ bó ṣe máa tẹ kílọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ọ́ìlì àtijọ́, torí náà ẹ fi sìkánà pa ohun tó ti kọ́ rẹ́ kó lè kọ́ ọ̀tun, ó lè máa já díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ẹ má bẹ̀rù.

Tí gíà yín bá ti ń yọ̀ gidi o, tó ń ké tí ọkọ̀ ò lọ, ẹ fi owó ọ́ìlì pamọ́ fún ẹni tó máa tú u. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀rù gíà ṣì ń bà yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ difáránsíà, àti transfer case, tó ń pín agbára sí táyà iwájú àti tẹ̀yìn, tó bá jẹ́ ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀. Ohun kan náà ni wọ́n sọ nípa ti wọn, pé kò ní pààrọ̀, ọ́ìlì tó wà nínú transfer case BMW mìíràn ò sì ju bíi lítà kan lọ, ẹ tú tòkè, ẹ tú tìsàlẹ̀, ẹ rọ tuntun títí á fi fẹ́ dà jáde, ẹ dé e.